Wọn kì í sọ nǹkan kan fún wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Inú ń bí mi, n ò ní bò ó. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, réseau, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, lọ ní àdúgbò wa ní Kétu ilẹ̀ Benin, kò sí ẹni tó sọ ìdí ẹ̀ fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ìwòsàn ní Kútọnu, wọ́n ní ká ra oògùn 15,000 sẹ́fà. Owó ń bẹ lọ́wọ́ mi, kò ṣeé fi fóònù ránṣẹ́. Zémìjàn, ọ̀kadà wa, ni mo gùn dé ọ̀nà Ìlárá, níbi tí káàdì fóònù Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́, kí n tó gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀.

Mo bi ọmọ tó ń bá wa fowó ránṣẹ́ pé kí ló dé. Ó ní, "Àwọn inú fíìmù yẹn ni, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa." Fíìmù tẹlifíṣọ̀n alálaalẹ́ ló ń wí. Nínú ẹ̀, àwọn kan ń ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù orílẹ̀-èdè kan jẹ́, àwọn èèyàn ńlá sì ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìyá wa ò gbọ́ Faransé, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ń túmọ̀ fún un lórí ẹní, kò sì rántí sọ pé àròsọ ni. Bí réseau ti lọ, Ìyá yọ bátìrì fóònù ẹ̀, ó fi àkísà wé e, ó tì í bọ inú agolo gààrí. Réseau padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ń pè é lórí ibùsùn, kò wọlé.

Mi ò bá fíìmù jà, èmi náà ń wò ó, ó dùn. Àwọn aláṣẹ ni mo ń bá wí, àti àwọn tó ń gbowó réseau lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò aṣòfin, íntánẹ́ẹ̀tì kú. Mi ò gbọ́ àlàyé kan títí dòní. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá já nítòsí Abidjan, àwọn èèyàn ń sọ nínú ọjà wa pé ogun ló dé. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n fura sí pé ó yẹ̀. Wọn kì í sọ nǹkan kan fún wa!

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le. Bí réseau bá lọ, kí wákàtí kan tó pé, kí rédíò kéde ẹ̀ ní èdè wa: ibi tó ti bàjẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe, ìgbà tí wọ́n rò pé yóò padà. Bí iná ò bá sí, kí akéde lu agogo yí ọjà ká, bí wọ́n ti ń ṣe tí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Nígbà tí wọ́n fi 01 ṣíwájú nọ́ńbà fóònù gbogbo wa loṣù kọkànlá ọdún 2024, ṣebí wọ́n kéde ẹ̀ títí? Ẹni tó lè kéde ìyẹn lè kéde èyí. Kí tẹlifíṣọ̀n náà máa kọ ọ́ sójú ẹ̀ pé ìtàn ni. Kí wọ́n sì máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ òpó réseau.

Àárọ̀ yìí ni mo bẹ Ìyá pé kó dá bátìrì padà. Ó ní kí n búra pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ búra, nígbà tí wọn ò sọ nǹkan kan fún èmi náà?

Olùkàwé yín, oníṣòwò aṣọ,
Kétu