Ẹ fi gbèdéke sí sáà alága káńsù

Sí Olóòtú,

Ìwé òfin 1999 ní gómìnà kò gbọdọ̀ ju sáà méjì lọ. Alága káńsù ńkọ́? Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ìwé òfin fi ètò káńsù sí. Àkúrẹ́ níbí ló yẹ kí àwọn aṣòfin wa ti parí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe Àbújá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti alága fìdíhẹẹ́, ìyẹn ẹni tí gómìnà yàn láìsí ìbò. Ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé irú ìyànsípò bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Bí ẹnikẹ́ni bá tún gba ọ̀nà ẹ̀yìn jókòó síbẹ̀, tó wá jáde dupò, ẹ ka gbogbo oṣù tó ti lò mọ́ sáà rẹ̀. (Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn.)

Ní ti ọ̀dọ́ tó fẹ́ dupò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò le. Láti 2018 ni ọmọ ọdún 25 ti lè díje fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọ̀dọ́ tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba kò ní.

Sáà méjì tó fún Gúúsù Àkúrẹ́ àti káńsù 17 yòókù. Kí wọ́n kọ ọ́ sófin kí ìbò mìíràn tó dé.

Olùdìbò kan,
Àkúrẹ́