Lẹ́tà sí Màmá lórí iṣẹ́ abẹ orúnkún mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò wa o. Ṣé ara Bàbá le? Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo sì ti padà sílé. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Mo mọ̀ pé abẹ kọ́ ló ń já yín láyà, bí kò ṣe pé ara òkú ni ohun tí wọ́n fi tún orúnkún mi ṣe ti wá. Òótọ́ ni, Màmá. Egungun rírọ̀ tó ń dán, tó bo orí egungun nínú oríkèé, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bó bá ti bàjẹ́, kì í sábà jinná fúnra rẹ̀. Ojú ibi tó ṣí lára tèmi sì ti fẹ̀ ju èyí tí wọ́n lè bù láti ibòmíràn lẹ́sẹ̀ èmi náà lọ.

Wọ́n gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ ní róbótó, wọ́n gé irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ lára orúnkún ẹni tó kú náà, egungun nísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ lókè, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ wọlé ṣinṣin bí ìdérí ìgò. Wọn ò kàn án níṣòó. Díẹ̀díẹ̀ ni egungun tèmi yóò máa rọ́pò tìsàlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú èyí tó wà lókè, ti ẹni náà ni yóò máa wà láàyè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lọ́kàn mi.

Mi ò ní lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ohun tí wọ́n fi sí i, bíi ti ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Wọn ò tilẹ̀ wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Kó ṣáà jẹ́ pé orúnkún wa tóbi bákan náà.

Wọn kì í jẹ́ kí ohun tí wọ́n gbà lára òkú yìí di yìnyín, torí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò kú. Inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, wọ́n á fi nǹkan bí ọjọ́ 14 yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní àrùn, wọ́n sì fẹ́ lò ó kó tó pé ọjọ́ 28. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé fóònù sùn, kí wọ́n lè pè mí nígbàkígbà tí wọ́n bá rí èyí tó bá mi mu. Nígbà tó dún, ẹbí kan ṣì wà nínú ọ̀fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí wọn nínú àdúrà yín.

Mi ò tíì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ dáadáa. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n tó gbà fún èèyàn.

Ní ti orúnkún tiyín, irú èyí kọ́ ló máa bá a mu. Èyí wà fún ojú ibi kan ṣoṣo tó bàjẹ́, kì í ṣe oríkèé tó ti jẹ tán yíká. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀ (X-ray) lórí ìdúró, kí Bàbá fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ kí n tó rí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéọlá