Ẹ má pe Merata Mita ní òṣèré lásán

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ohun tí ẹ kọ nípa Merata Mita nínú àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn obìnrin tó ń ṣe fíìmù kù díẹ̀ káàtó. Ìlà kan péré ni, ẹ sì pè é ní “òṣèré inú Utu”. Lóòótọ́, òun ló ṣe Matu nínú fíìmù Geoff Murphy yẹn, tó jáde ní 1983. Ṣùgbọ́n ọdún 1983 yẹn kan náà ni Patu! jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ darí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Māori ni, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand. Maketu ni wọ́n bí i sí ní 1942. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe ní Kawerau, fíìmù àti fídíò ló sì fi ń fa ojú àwọn ọmọ tí ìwé ò yá lára mọ́ra. Ní 1980, òun, Leon Narbey àti Gerd Pohlmann gbé Bastion Point: Day 507 jáde. Bastion Point ní Auckland, ilẹ̀ àwọn Ngāti Whātua tí wọ́n jẹ́ ìran Māori kan, ni ìjọba fẹ́ gé tà kí wọ́n fi kọ́ ilé olówó ńlá. Àwọn onílẹ̀ jókòó tì í láti January 1977. Ní 25 May 1978, tó jẹ́ ọjọ́ 507, ọlọ́pàá wá lé wọn, wọ́n sì kó èèyàn 222. Ẹni tó bá mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa kò nílò ògbufọ̀ kó tó wo fíìmù náà.

Ní ti Patu!, àwọn àgbà tó ń ka ìwé ìròyìn yín á rántí pé Nàìjíríà kó àwọn eléré ìdárayá rẹ̀ kúrò ní Montreal ní 1976. New Zealand ló fà á: ẹgbẹ́ rugby wọn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gúúsù Áfíríkà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àjọ Olímpíìkì sì kọ̀, wọn ò lé wọn. Nígbà tó di 1981, Gúúsù Áfíríkà náà wá gbá bọ́ọ̀lù ní New Zealand, ìlú sì pín sí méjì. Ìwọ́de àwọn tó ta ko eré yẹn ni Patu! fi hàn. Ní Hamilton, ní 25 July, àwọn olùwọ́de ya wọ pápá, wọn ò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá fi kóńdó lù wọ́n lórí ní Molesworth Street, Wellington. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé àṣíborí lọ sí ìwọ́de. Ní pápá Eden Park ní Auckland, ní 12 September, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ń ju àpò fúláwà sórí pápá bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ onífíìmù wa wò dáadáa. Fíìmù 16mm ni, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ká sí rólù. Rólù ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Ti ẹsẹ̀ bàtà 100 kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbà tí kóńdó bá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni rólù máa ń tán, inú àpò dúdú lèèyàn sì ti ń fọwọ́ wá a pààrọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ́ wọ ibẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Kámẹ́rà kan kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbé. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán yà ní ìlú púpọ̀ ni Merata kó jọ.

Kámẹ́rà púpọ̀ sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí ayàwòrán kan bá dúró sí apá ọ̀tún títì, tí èkejì wà lápá òsì, àwọn olùwọ́de kan náà á máa lọ sọ́tùn-ún nínú àwòrán kan, wọ́n á máa lọ sósì nínú èkejì, òǹwòran á rò pé ẹgbẹ́ méjì ló fẹ́ kọlu ara wọn. Àwòrán tí wọ́n yà láti iwájú gan-an ni agé-fíìmù máa ń kì sáàárín méjèèjì. Ohùn tún wà lọ́tọ̀ lórí téèpù. Nínú eré onítàn, pátákó ni wọ́n máa ń pa pọ̀ kí ohùn lè bá àwòrán mu. Láàárín èrò tó ń sá, ta ló fẹ́ ráyè pátákó? Ohun tí ojú rí tí etí sì gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń wá: kóńdó tó ba àṣíborí, ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó pa dé gbàà. Annie Collins ló gé Patu!. Wọn kì í sì í fi nẹ́gátíìfù, ìyẹn ojúlówó fíìmù tó jáde látinú kámẹ́rà, dánra wò. Ẹ̀dà ni wọ́n ń gé, torí pé bí nẹ́gátíìfù bá ti ha, ó ha náà nìyẹn.

Fóònù ti gba wàhálà rólù kúrò lọ́wọ́ wa, ó sì gbé tirẹ̀ dé. Ẹni tó ya fídíò ìwọ́de, bíi ti EndSARS ní 2020, tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó wá pa ti orí fóònù rẹ́, ti sọ ojúlówó nù. WhatsApp á fún un pọ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á kì í sì í bá fáìlì náà lọ. Kí ó da ojúlówó sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan má sí nínú ilé rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀dà ló ń gé. Kí ó bo ojú àwọn èèyàn kó tó gbé e síta, torí fídíò tó tú àṣírí ọlọ́pàá lónìí lè gbé olùwọ́de dé kóòtù lọ́la.

Ẹ kò mẹ́nu kan Mauri (1988), eré onítàn gígùn tó darí, rárá. Ramai Hayward ti bá ọkọ rẹ̀ darí fíìmù gígùn ní 1972, ṣùgbọ́n Merata ni obìnrin Māori tó kọ́kọ́ dá nìkan darí eré onítàn gígùn. Òun ló kọ ọ́, òun ló gbé e jáde. Eva Rickard, tí ìlú mọ̀ sí ajìjàgbara ilẹ̀ ní Raglan, ló fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, àwọn ọ̀dọ́ Māori tó ń kọ́ṣẹ́ sì wà lára òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní 1990 ló sọ àwòrán tí wọ́n ti yà láàárín 1937 sí 1940, nígbà tí Te Puea Hērangi, aṣáájú Māori kan, ń mú kí wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ tí owó kò jẹ́ kí wọ́n fi parí fíìmù, di Mana Waka. Ó kú ní 2010. Sundance, àjọ tó ń ran àwọn onífíìmù lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, sì ní ètò ìrànwọ́ fún onífíìmù ọmọ onílẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá tún máa tẹ àtòkọ náà, ẹ jọ̀wọ́, “olùdarí” ni kí ẹ kọ ti orúkọ rẹ̀. “Òṣèré” lè tẹ̀lé e.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta