Màmá, àdúrà tí mo fẹ́ kí ẹ máa gbà fún mi

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ará ilé ní Òmù-Àrán. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àdúrà. Àlàáfíà ni mo wà, iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ń lọ déédéé.

Àǹtí sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ààwẹ̀ ẹgbẹ́ obìnrin, àti pé ohun tí ẹ kọ síwájú rẹ̀ ni pépà ìgbélùú níbí, ilé àti mọ́tò. Mo dúpẹ́ gan-an. Ta ni yóò gbààwẹ̀ fún mi bí kò ṣe ìyá mi? Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

Màmá, ojú mi ń rí nǹkan níbí. Bí wọ́n bá pe àdúrà fún pépà, ṣọ́ọ̀ṣì á kún dẹ́nu ọ̀nà. Bó bá di ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì, àga ni pásítọ̀ ń kọ́. Tọkọtaya kan wà nínú ìjọ wa, ilé kékeré tí wọ́n háyà ni a ti máa ń pàdé fún àdúrà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ra ilé tiwọn báyìí, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kí wọ́n lè rí owó báńkì san. Ilé náà dára, mo ti débẹ̀. Orí fíríìjì ni Bíbélì wọn wà, ìwé owó iná àti owó gáàsì ló wà lórí rẹ̀. Ọkọ náà sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí òun àti ìyàwó òun ti kúnlẹ̀ pọ̀ gbẹ̀yìn. Sáàmù 106 ló wá sí mi lọ́kàn, níbi tí Ọlọ́run ti fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní ohun tí wọ́n ń tọrọ, tí ọkàn wọn sì rù.

Ẹsẹ tí gbogbo wa fẹ́ràn nì, 3 Jòhánù 2, a kì í jẹ́ kó parí kí a tó ṣe àmín. A ó ké àmín sí ìlera, a ó ké e sí kí ohun gbogbo máa dára, ṣùgbọ́n Jòhánù fi òṣùwọ̀n tì í: bí ó ti dára fún ọkàn rẹ. Bí Ọlọ́run bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn nǹkan fún àwa tí a wà nílùú òyìnbó, Màmá, mélòó nínú wa ni yóò ní kẹ̀kẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti mọ́tò?

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù náà. Nínú ìdè ló wà nígbà tó kọ ìwé sí àwọn ará Éfésù, síbẹ̀ orí kìíní ni ó ti ń yin Ọlọ́run tó ti fi gbogbo ìbùkún ẹ̀mí bùkún wa nínú Kristi. Ó kà wọ́n: a ti yàn wá kí ayé tó wà, a ti sọ wá dọmọ, a ti fi ẹ̀jẹ̀ rà wá padà, a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì wá, a ti fi Ẹ̀mí Mímọ́ ṣèdìdì wa. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ìjọba lè gbà lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Èmi tí mò ń gbé níbi tí ìwé kan ṣoṣo ti lè dá èèyàn padà sílé, mo mọ bí ìyẹn ti tóbi tó.

Ní ti àbúrò mi tó ní òun ò kọrin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ òun tó ń ṣe yahoo ti ń gun jíìpù, kí Bàbá má lé e, ẹ má sì bú u. Kí ó ka Sáàmù 73. Ásáfù náà jowú àwọn ẹni búburú, àfi ìgbà tó wọ ibi mímọ́ Ọlọ́run ló tó rí òpin wọn. Kí Bàbá sì sọ ìtàn Wòlíì Joseph Ayo Babalola ti ìjọ CAC fún un, ọmọ Odò-Ọwá, tí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún 1928, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, òun ló ń wa ẹ̀rọ róólà tó ń tẹ títì. Ní Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run, ó sì fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba lójú ará ìlú kì í ṣe ẹni kékeré. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà bẹ́ sílẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá jẹ́ mọ́tò ló ń wá ni, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Mo ṣì ń wá pépà o, mi ò purọ́ fún yín. Ẹ máa bá mi fi síwájú Olúwa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kẹ́yìn nínú ìwé yẹn. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ síwájú orúkọ mi pé kí n má gbàgbé àdúrà òwúrọ̀, kí ìfẹ́ Kristi má tutù lọ́kàn mi, kí n lè máa fi sùúrù tọ́jú àwọn arúgbó wọ̀nyí bí ẹ ti tọ́jú Ìyá Àgbà.

Mo ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì Àǹtí. Ẹ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èyí tó bá kù, kí ẹ fi pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé tó ń jò kí òjò tó dé. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀ àti gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.