Ẹ má ní ká máa kọ̀wé síbi gbogbo tí gíráǹtì bá wà

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa báwọn NGO kéékèèké ṣe lè rí gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí kì í ṣe gbèsè, gbà lọ́wọ́ àwọn fáúńdéṣọ̀n ńlá, ìyẹn àwọn àjọ tó ń fúnni lówó fún iṣẹ́ àánú, inú mi sì dùn pé ẹ dá sọ́rọ̀ náà torí ìwé ìròyìn tó ń sọ irú ẹ̀ lédè wa ò pọ̀, àmọ́ ibì kan wà tí mo fẹ́ bá yín fà á díẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti ní kí ẹgbẹ́ tó bá ṣáà ti ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ máa kọ̀wé sí gbogbo fáúńdéṣọ̀n tójú ẹ̀ bá tó, pé bó pẹ́ bó yá ọ̀kan á dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo ti kọ pòrópósà, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń béèrè gíráǹtì, mo sì ti jókòó sáàárín àwọn tó ń kà á tí wọ́n ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tí mo rí ni pé ẹgbẹ́ tó ń kọ̀wé síbi gbogbo ló máa ń rẹ̀ jù, òun kọ́ ló sì máa ń rówó jù.

Owó wà níbẹ̀ o, mi ò ní kò sí. Lámẹ́ríkà, àtọdún 1969 ni òfin ti ń ṣọ́ àwọn fáúńdéṣọ̀n aládàáni, ìyẹn àwọn tí owó wọn sábà máa ń wá látọ̀dọ̀ ẹnì kan, ìdílé kan tàbí ilé iṣẹ́ kan, lójú méjèèjì, bó sì ṣe wà lónìí, ó di dandan kí wọ́n máa ná nǹkan bí 5 nínú 100 dúkìá wọn lọ́dọọdún sórí iṣẹ́ àánú, tí wọn ò bá ná an ìjọba á gba owó orí tó lé kenkà lọ́wọ́ wọn. Èyí làwọn kan gbọ́ tí wọ́n fi ń rò pé ńṣe làwọn èèyàn yẹn ń wá ẹni tí wọ́n máa da owó lé lórí. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í ka ìwé ẹni tí wọn ò pè.

Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wọn ò fara sin. Gbogbo fáúńdéṣọ̀n aládàáni ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń fi fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 990-PF ránṣẹ́ síjọba lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá a jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kó kà á, orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fún lówó wà níbẹ̀, iye tí wọ́n fún un wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún un náà wà níbẹ̀. Candid, ìyẹn àjọ méjì kan, Foundation Center àti GuideStar, tí wọ́n para pọ̀ di ọ̀kan lọ́dún 2019, ń kó irú ìsọfúnni yìí jọ, nílẹ̀ England àti Wales sì rèé, Charity Commission, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ àánú, ń gbé àkáǹtì àwọn ẹgbẹ́ àánú síta fún aráyé rí. Inú 990-PF tí mo ń sọ yẹn, àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí fáúńdéṣọ̀n máa ń fàmì sí tó bá jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ tóun fúnra ẹ̀ ti yàn tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń fún lówó. Tẹ́ ẹ bá ti rí àmì yẹn, ẹ pa kọ̀ǹpútà yín kẹ́ ẹ lọ sùn, kò sí pòrópósà tó máa yí i padà. Tí kò bá sí àmì níbẹ̀, ẹ wá fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn tí wọ́n fún lówó lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ṣé ẹgbẹ́ tó mọ níwọ̀n bíi tiyín ni àbí yunifásítì àti ọsibítù ńláńlá ni gbogbo wọn, ṣé ẹni tuntun ń wọlé àbí ẹni àná náà ni wọ́n ń fún lónìí, ṣé iye tẹ́ ẹ fẹ́ bèèrè sún mọ́ iye tí wọ́n máa ń fúnni. Ìwé yìí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ ohun tẹ́nì kankan ò ní kà.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká wo ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ là jù. MacKenzie Scott, obìnrin olówó ará Amẹ́ríkà tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kì í de owó mọ́ pírójẹ́ẹ̀tì kankan, ṣí ilẹ̀kùn lọ́dún 2023 fáwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún wọn wà láàárín mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹgbẹ́ 6,353 ló kọ̀wé. 250 ló kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti fún, nígbà tó di March 2024 ó fi kún un ó sì fún 361, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 640 dọ́là. Kò sẹ́ni tó máa ní obìnrin yẹn ahun, síbẹ̀ nínú 100 tó kọ̀wé, àwọn tó rí i gbà ò pé 6. Ẹni tó bá wá ń kọ̀wé síbi tí kò tọ́ sí i rárá ńkọ́?

Ibi tó ń dùn mí jù ni bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Èèyàn á kọ pòrópósà tó dáa, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ á bára mu, tẹ́ ẹ bá wá dé ojú ewé bọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ máa rí i pé owó ilé òdo, owó iná òdo, owó akáǹtáǹtì òdo, owó ọ́díìtì òdo, gbogbo owó ló lọ sórí pírójẹ́ẹ̀tì bíi pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ́fíìsì wọn wà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n rò pé tí fáúńdéṣọ̀n bá rí owó iná á ní àwọn ń jẹ owó àánú. Tí owó náà bá wá dé tán, ta ló máa kọ rípọ́ọ̀tù? Ta ló máa kó rìsíìtì jọ? Ẹni tó máa ṣe é ò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kò sì lè máa ṣiṣẹ́ láìgbowó títí láé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan owó tí fáúńdéṣọ̀n míì fún wọn fún iṣẹ́ míì, kì í ṣe pé olè ni wọ́n o, wọ́n kàn ń dí ihò ni, àmọ́ ọjọ́ tí ọ́díìtọ̀ bá dé kò ní mọ ìyàtọ̀, ohun tó máa kọ sílẹ̀ ni pé owó tí wọ́n fúnni fún iṣẹ́ kan ti bá iṣẹ́ míì lọ.

Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni owó fúnra wọn ti gbà pé kò ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ máa ṣiṣẹ́ láìní owó tó fi ń dúró. Láti 2023 ni Ford Foundation ti ní kí wọ́n fi ó kéré tán 25 nínú 100 sórí owó pírójẹ́ẹ̀tì fún irú ìnáwó yìí. Gates Foundation ń jẹ́ kí NGO béèrè tó 15 nínú 100. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gan-an, tó jẹ́ pé 10 nínú 100 ló ń gbà fún ẹgbẹ́ tí kò bá a ṣàdéhùn iye kan pàtó, gbé e sókè di 15 ní October 2024. Mo mọ̀ pé àwọn fáúńdéṣọ̀n kan ṣì wà tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, ní tàwọn yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín bóyá ẹ lówó tẹ́ ẹ máa fi gbé iṣẹ́ wọn. Tí kò bá sí, ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé ó le láti sọ fún ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ́wọ́ pé kó má gbowó, síbẹ̀ mò ń sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara ẹ̀ á máa kọ lẹ́tà kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Fáúńdéṣọ̀n kan gbé owó síta pé òun fẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sáré ki ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bọ inú iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n sì rí i gbà, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ní kó máa ka iye ọ̀dọ́ tó wá sí kíláàsì, kí wọ́n máa kọ rípọ́ọ̀tù lóṣooṣù, kíláàsì àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù díẹ̀díẹ̀. Ọdún kan lowó náà wà fún. Lẹ́yìn ẹ̀ fáúńdéṣọ̀n yẹn ní ojú òun ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó, àwọn àgbàlagbà tó ti lọ ò sì padà wá mọ́. Tẹ́ ẹ bá bi mí, gíráǹtì yẹn ló ba ẹgbẹ́ náà jẹ́, kì í ṣe àìrówó.

Ti àwọn tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà tún wá yàtọ̀ o. Fáúńdéṣọ̀n aládàáni ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lówó gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì, yálà kó wádìí títí tó fi máa dá a lójú pé ẹgbẹ́ náà bá ẹgbẹ́ àánú ilẹ̀ wọn dọ́gba lójú òfin, tàbí kó máa ṣọ́ owó náà títí ó fi máa tán. Tó bá jẹ́ ti ìkejì yìí, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí yín wò, ẹ máa tọwọ́ bọ̀wé, ẹ máa ya owó wọn sọ́tọ̀ nínú ìwé àkáǹtì yín, ẹ máa kọ bẹ́ ẹ ṣe ná an ránṣẹ́, èyí tẹ́ ẹ bá ná síbi tí kò yẹ ẹ máa dá a padà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ná kọ́bọ̀ nínú ẹ̀ sórí ìpolongo ìbò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó kọ̀wé bóyá ẹni tó lè tọ́jú ìwé báyìí wà nínú ẹgbẹ́ yín.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kan ń káàkiri báyìí tí wọ́n ń ní àwọn á bá yín kọ pòrópósà, kẹ́ ẹ ṣáà fún àwọn ní ìdá kan nínú owó náà tó bá jáde. Ẹ má gbà fún wọn. Ìlànà Association of Fundraising Professionals, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi wíwá owó fún iṣẹ́ àánú ṣiṣẹ́ ṣe, gan-an lòdì sí i kí ẹni tó ń wá owó máa gba ìdá kan nínú owó náà, ọ̀pọ̀ fáúńdéṣọ̀n ò sì ní gbà kẹ́ ẹ fi owó wọn san án. Ẹ sanwó iṣẹ́ fún un bẹ́ ẹ ṣe máa sanwó fún oníṣẹ́ ọwọ́, yálà owó jáde àbí kò jáde. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kí gíráǹtì tó lè wọlé, ẹ pa ímeèlì ẹ̀ rẹ́, oníjìbìtì ni.

Ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe rèé. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ gbé ìkéde gíráǹtì jáde nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ má kàn kọ orúkọ fáúńdéṣọ̀n àti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa parí nìkan. Ẹ kọ irú ẹgbẹ́ tó tọ́ sí mọ́ ọn, iye tí wọ́n máa ń fún ẹgbẹ́ kan, iye tí wọ́n gbà fún owó ọ́fíìsì, bóyá wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò pè, àti iye ìgbà tí wọ́n ń béèrè rípọ́ọ̀tù lọ́dún. Èyí tí kò bá sí lórí ìkànnì wọn, ẹ kọ ímeèlì sí wọn kẹ́ ẹ béèrè, ẹ̀yin oníròyìn ni wọ́n máa tètè dá lóhùn ju àwa lọ. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò dáhùn, ìyẹn náà á wúlò fún wa.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣìṣẹ́ NGO kan