Bàtà ìgunkè àti àpò òfìfo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ó yẹ kí àwọn ilé ìtajà ńlá tí ń ta ohun èlò ìgunkè ṣe ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fún wíwọ bàtà wò, nítorí pé ilẹ̀ títẹ́jú kò lè fi hàn bóyá ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò máa gbún iwájú bàtà nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ló dára jù láti wọ̀ ọ́ wò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí a ó lò gan-an.

Àpò ẹ̀yìn ńkọ́? Òfìfo ni wọ́n sábà máa ń gbé kọ́ wa léjìká, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀ la tó lè mọ̀ bóyá ìgbànú rẹ̀ dúró dáadáa sí ìbàdí, níbi tó yẹ kí ọ̀pọ̀ ìwúwo náà wà.