Ọ̀rọ̀ Ìmáàmù: Ibi Tí Àwọn Èèyàn Ti Ń Dà Bọ̀

Ẹ̀yin jámáà mi, àsàlámù àléékún.

Orúkọ àwọn tó ń lọ sí Hájì láàrin wa ti jáde, a sì ń bá wọn yọ̀. Àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún tu owó jọ. Àwọn kan san owó ńlá fún òtẹ́ẹ̀lì tó dojú kọ Káábà. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run ló fún wọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni kí ìrọ̀rùn sọ èèyàn di ẹni tí kò fẹ́ kí ara òun kan ara ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Kùráéṣì, ẹ̀yà Ànábì ní Mẹ́kà, kì í bá àwọn Lárúbáwá yòókù dúró ní Arafa, pápá ẹ̀yìn Mẹ́kà tí èrò Hájì ti ń dúró tọrọ àdúà. Musdalifa, tó sún mọ́ Káábà jù ú lọ, tí èrò ń sùn sí lẹ́yìn Arafa, ni tiwọn, wọ́n ní ará ilé Ọlọ́run ni àwọn. Ọlọ́run wá pàṣẹ nínú Súrà Bakọra, áyà 199, pé ibi tí àwọn èèyàn ti ń dà bọ̀ ni kí àwọn náà ti máa dà bọ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a), ọmọ Kùráéṣì pọ́nńbélé, kọjá Musdalifa, ó lọ dúró ní Arafa láàrin èrò.

Ẹ tún wo ti omi. Ànábì dé ibi tí wọ́n ti ń fún èrò lómi, ó ní kí wọ́n fún òun mu. Abáásì, arákùnrin bàbá rẹ̀, ní kí Fadlu ọmọ òun lọ gba omi mìíràn wá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ànábì ní, “Fún mi mu.” Abáásì ní àwọn èèyàn ti ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ànábì tún ní, “Fún mi mu,” ó sì mu ún. Bukhari, tó kó hádíìsì Ànábì jọ, ló gbà á wá.

Lóòótọ́, Saoda ìyàwó Ànábì, tí ara rẹ̀ wúwo, gbàṣẹ kúrò ní Musdalifa lóru kí èrò tó pọ̀. Aláìlágbára ni ìyọ̀ǹda yẹn wà fún. Ó dùn mí pé ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko ló ń kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lóde òní, tí ìyá arúgbó ṣì wà lórí ẹní.

Ìgbé ayé Àbújá ti mọ́ wa lára: a ó ti gíláàsì ọkọ̀ pa, éésì á máa fẹ́, a ò sì ní rí ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní Nyanya. Ẹ má gbé e dé Mẹ́kà.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ọwọ́ yín gbòòrò: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú àgbà kan nínú àwọn ará wa láti Lugbe àti Kubwa, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin. Ẹ tẹ́ ẹní yín sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ní Musdalifa, ẹ bá a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tí yóò fi sọ òkò ní Mina. Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Ẹ rí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.